Etí Tí Mùsítúrà Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Lu

Bí ẹ bá ń wá aránṣọ tí kì í parọ́ ọjọ́ fún oníbàárà ní Igbó-Elérin, ọ̀dọ̀ Mùsítúrà ni wọn yóò júwe fún yín. Irú wọn ò pọ̀ l'Ékòó! Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ń fi pamọ́ sábẹ́ ìbòrí, etí rẹ̀ ni. Ìgbà tó di ọmọge ló tún etí lu, àpá ibẹ̀ bá wú, ó le, ó ń yún un, ó sì tóbi tó kóró àgbálùmọ̀. Ìyá rẹ̀ náà ní irú rẹ̀ láyà. Àwọn kan ní kó fi òwú dè é kó lè já bọ́. Ó já bọ́ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó hù rọ́pò rẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Muheez ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Wọ́n ń gún àpá náà lábẹ́rẹ́ títí ó fi rọ̀, wọ́n wá fi gíláàsì dúdú bò ó lójú, wọ́n sì ń fi iná lésà tàn án. Ó ń ta á bí òróró gbígbóná, ṣùgbọ́n Mùsítúrà kò yẹ àdéhùn kankan. Díẹ̀díẹ̀, àpá náà rẹlẹ̀. Dókítà kìlọ̀ pé ó ṣì lè padà, pé lésà kì í yí irú awọ ẹni padà, àti pé ọmọ lè jogún rẹ̀.

Nígbà tó bí ọmọbìnrin, ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti Ìṣẹ́yìn pẹ̀lú yẹtí wúrà. Ó ti bá nọ́ọ̀sì àdúgbò sọ ọ́ pé kó wá lu etí ọmọ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lu ú."

"Kí ló dé? Ṣebí lésà ti wo tìẹ sàn. Bí tọmọ náà bá wú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn."

Mùsítúrà kúnlẹ̀, ó ṣí ìbòrí rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ ìyá náà lé etí ara rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Màámi. Ojú mi rí nǹkan kó tó dà báyìí. Mi ò tijú ẹ̀ mọ́, àmọ́ mi ò fẹ́ kójú ọmọ mi rí i. Tó bá dàgbà tó lóun fẹ́, òun ló ni etí ẹ̀."

Ìyá náà rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó kàn dìde, ó wọ yàrá lọ. Mùsítúrà rò pé òun ti di ìyàwó aláfojúdi lójú ẹbí.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, nọ́ọ̀sì náà kò yọjú. Nígbà tí ààfáà sọ ọmọ ní Hikmat tán, àbúrò ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní Okokomaiko gbé e, ó yẹ etí rẹ̀ wò.

"Ẹ̀hẹn? Ṣé ọkùnrin lẹ wá bí ni?"

Mùsítúrà la ẹnu láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀.

"Obìnrin ni. Ìyá ẹ̀ ló ní ká má lu ú, mo sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó wá bá mi."

Orí Mùsítúrà wú. Ó nawọ́ gba ọmọ rẹ̀, ó sì jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀ gbágbáágbá.