Páìpù Kọ́tìnì Tó Ń Ta Mí Bí Àkekèé

Ọyẹ́ mú ládùúgbò Challenge lọ́dún náà débi pé ètè mi ń bó bí àlùbọ́sà. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú mi, lẹ́yìn méjì tó ti bà jẹ́ lára mi. Bí ewé bá já lulẹ̀, àyà mi á já tẹ̀ lé e. Páìpù kọ́tìnì ni mò ń tà nígbà yẹn. Okùn ọ̀rá ni mo fi so wọ́n rọ̀ láti òkè ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í kan ògiri, láràárọ̀ ni mo sì ń fi ògbólógbòó ṣúẹ́tà ọkọ mi nù wọ́n títí wọn á fi máa dán bí ojú olówó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe nawọ́ sí ìparí páìpù gígùn kan, ó dún tá! Ó ta mí bí àkekèé. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, èérún fóòmù ti lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì bí irùngbọ̀n òbúkọ, àárín ò sì fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan. Ta ló ń gé fóòmù ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù mi? Ìyá oní-fóòmù ni, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jà lórí ibi tó ń da pàǹtí sí. Àwọn àgbà kúkú ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Èmi tí mi ò ka ìwé kọjá pírámárì mẹ́ta, mo ti dá ẹjọ́ tán. Ìgbà tí ọmọ inú mi ò mira títí di ọ̀sán ni ẹ̀rù gbé mi dé ojú títì.

“Ìyá oní-fóòmù, ẹ wá kó èérún yín lára páìpù mi! Ṣé ẹ fẹ́ fi oyún yìí ṣe ẹ̀kẹta ni?”

“Èmi kẹ̀? Ọwọ́ tí mo fi ń gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n?”

Ó fi ìbínú wọlé, ó di orí páìpù mìíràn mú. Tá! Ó fò sẹ́yìn. “Yéè! Ó ti ta èmi náà!”

Tíṣà àgbà kan láti Bodija, tó wá ra páìpù, bú sẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ṣúẹ́tà yẹn ni. Bẹ́ ẹ ṣe ń nù ún ni iná kékeré ń wọ ara rẹ̀, okùn ọ̀rá ò sì jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde. Àwọn iná ọ̀hún ò fẹ́ràn ara wọn, kálukú ń sá fún ẹnìkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pọ̀ jù ní orí rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n sì ń fa èérún fóòmù mọ́ra níbẹ̀.”

“Ṣé ó lè pa ọmọ inú?”

“Kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi aṣọ olómi nù ún.”

Mi ò gbà á gbọ́, àfi ìgbà tí ọmọ yí padà nínú mi nírọ̀lẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Ọmọ náà ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama báyìí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. Mo bẹ ìyá oní-fóòmù, ó ní ó ti tán, a sì ń kí ara wa láràárọ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo èèyàn ló ń gbà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìyá oní-fóòmù nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó ní ẹ̀rù ń ba òun, kí ọmọ má lọ ké lọ́wọ́ òun.