Dáyámọ́ńdì Tí Rọra Nù Lẹ́ẹ̀kan Sí I

Rọra la máa ń pè é níbi iṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ yẹn ni kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá ti ilẹ̀kùn, á ní "Rọra." Bí o bá gbé páálí sílẹ̀, "Rọra." Èmi tí mo ń di lẹ́ńsì sínú páálí ní yàrá kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà rí, nígbà tó ní kí n rọra sín.

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Lẹ́ńsì tí dókítà máa ń fi sínú ojú ẹni tí awọ funfun bo ẹyinjú rẹ̀ là ń ṣe. Kò tó èékánná ọmọ ìka. Rọra ló ń gbẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ rẹ̀ ni dáyámọ́ńdì kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí irin. Ẹ̀rọ á máa yí ike tí a fi ń ṣe lẹ́ńsì, dáyámọ́ńdì á máa họ ọ́ títí á fi mọ́ bí omi. Àwọn èèyàn rò pé dáyámọ́ńdì kì í bàjẹ́. Irọ́ ni! Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí irin bá kan ẹnu rẹ̀ pẹ́rẹ́, ó lè bù níbi tí ojú lásán ò lè rí, á sì máa fa ilà sára gbogbo lẹ́ńsì tó bá gbẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fi irú rẹ̀ sójú, bó bá wo iná, á máa rí i bíi pé iná náà fọ́ yángá. Òfin wa ò ju ẹyọ kan lọ: bí ohunkóhun bá kan ẹnu dáyámọ́ńdì, pa ẹ̀rọ, pe ọ̀gá.

Ojú òsì ìyá Rọra ti lọ tipẹ́. Awọ ti bo ọ̀tún tó kù, ọdún méjì ló ti ń fọwọ́ tá ògiri rìn nínú ilé. Nígbà tí dókítà wọn ojú náà, tó kọ nọ́ńbà lẹ́ńsì tó máa bá a mu, Rọra lọ bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí òun gbẹ́ tuntun ní nọ́ńbà yẹn fún un. Inú ọ̀gá dùn sí i. Inú gbogbo wa ló dùn.

Ìfẹ́ ló sì bà á jẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó gbẹ́ ẹyọ ìdánwò kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò láràárọ̀, kò lábàwọ́n. Kó kàn máa gbẹ́ lọ ló kù. Ó ní rárá, torí màmá òun, òun á tún dáyámọ́ńdì náà nù lẹ́ẹ̀kan sí i. Irin tó fi mú òwú yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kan ẹnu dáyámọ́ńdì. Ó fi awò wò ó, ó rí àmì dúdú kan. Ó ní eruku ni. Ó fẹ́ kó jẹ́ eruku ni o, torí dáyámọ́ńdì kejì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń pọ́n ọn, kò ní dé títí oṣù kan, iṣẹ́ abẹ ìyá rẹ̀ sì ku ọjọ́ méje. Ó tẹ ẹ̀rọ. Lẹ́ńsì mẹ́rìndínlógójì ló fi gbẹ́ lọ́jọ́ náà, ti màmá rẹ̀ wà nínú wọn.

Kò sùn mọ́ látọjọ́ náà. Lọ́jọ́ Ajé ó wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá nọ́ńbà màmá mi nínú èyí tí mo gbẹ́ lóṣù tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọwọ́ mi ni mo fi di àwọn lẹ́ńsì yẹn, wọ́n sì ti kó wọn lọ sáwọn ilé ìwòsàn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mi ò bèèrè nípa àwọn yòókù, torí ẹ̀rù ń bà mí pé á dáhùn. Mo wá ẹyọ kan rí, mo sì fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé wọn lọ sílé ìwòsàn. Màmá ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó ń dúró. Èmi àti Rọra ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ohùn.

"Ṣé nọ́ọ̀sì ti gba èyí tí mo fún ẹ?"

"Ó ti gbà á."

"Kí lẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?" Màmá ló sọ̀rọ̀. "Ojú ni mi ò ní, mo létí."

Rọra kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ má mikàn, màmá. Mo ti pààrọ̀ tiyín. Tiyín dáa."

"Tèmi dáa. Ti àwọn tó kù ńkọ́?"

Rọra bẹ̀rẹ̀ sí í tún etí aṣọ màmá ṣe.

"Mélòó ni wọ́n?"

"Márùndínlógójì."

Màmá nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tá a títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan èjìká bàbá kan tó jókòó tì í.

"Bàbá yìí ńkọ́? Nínú èwo ni tiwọn ti wá?"

Ìgbà yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì yọjú, ó pe bàbá náà. Màmá di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọlé." Ó kọjú síbi tí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sí. "Pe ọ̀gá yín. Mi ò ní dìde níbí títí wàá fi pè é."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Rọra ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá: "Rọra, màmá ńkọ́?"

"Ọ̀gá, irin kan ẹnu dáyámọ́ńdì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Mi ò sọ."

Ọ̀gá ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó bèèrè nọ́ńbà àwọn lẹ́ńsì náà, mo gbọ́ tó ń ṣí ìwé tí a fi ń kọ èyí tí dókítà ti lò sílẹ̀. Bàbá náà ṣì dúró, aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ màmá.

"Kí ló sọ?" ni màmá bèèrè.

Rọra gbé fóònù kúrò létí. "Ó ní mẹ́sàn-án nínú wọn ti wà lójú èèyàn."