Àsíá Pupa Lẹ́nu Ọ̀nà Oko

Nígbà tí wọ́n ń la títì láti Ìsẹ́yìn wọ Ṣakí, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a fi pọ́n-ùn sílẹ̀ bọ́ sí náírà, ni mo gba iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú wa. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, èmi ni màá dúró lẹ́nu ọ̀nà oko pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà kọjá títí àpáta yóò fi bú tán. Omidan ni mí nígbà náà, ohùn mi sì ròkè. Ìyá mi ní ohùn yẹn ni wọ́n rí tí wọ́n fi gbà mí.

Fọ́màánù wa mọ iṣẹ́ ẹ̀tù bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í gba nǹkan.

Lọ́jọ́ kan, fèrè ńlá dún, mo na àsíá mi. Bàbá àgbàlagbà kan ń ti oko bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n di iṣu sẹ́yìn rẹ̀.

Mo pariwo, "Bàbá, ẹ dúró o! Wọ́n fẹ́ yin ẹ̀tù!"

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," ni bàbá dá mi lóhùn, ni wọ́n bá wa kẹ̀kẹ́ wọn kọjá.

Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, àpáta bú. Òkúta kan tó tó orí ewúrẹ́ já bọ́ sórí ẹrù bàbá, ó fọ́ iṣu náà túútúú. Bàbá àti kẹ̀kẹ́ ṣubú sínú koríko. Nígbà tí mo fi máa sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti dìde jókòó, wọ́n ń gbọn eruku fìlà. Ìgúnpá wọn nìkan ló bó. "Alihamudulilahi," ni wọ́n ń wí ṣáá.

Fọ́màánù kò fẹ́ gbọ́ àlàyé. "Ìwọ ni o ò dá wọn dúró! Máa lọ sílé. Ọkùnrin tó lè mú pàṣán dání la ó fi síbẹ̀."

Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnjinníà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n ní kó máa mójú tó ààbò wa. Ó ní bí a bá lé mi, tí a fi ẹlòmíì sí i, bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀ yìí náà ni ẹni náà yóò ṣe bá a. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí wá, ó jókòó tì mí nínú oòrùn. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

"Ibí yìí mà gbóná o!"

Mo ní, "Ẹnjinníà, ẹ ò tíì rí nǹkan kan."

Nígbà tí a kírun Alásàrí tán, a lọ kí bàbá nílé. Ẹnjinníà dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò wá bá wọn jà, ohun tó mú kí wọ́n kọjá lòun fẹ́ mọ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Fèrè yín yẹn, kí ni ká ti mọ̀ ọ́n sí? Bí ẹ bá fẹ́ jẹun, ó ń dún. Bí ẹ bá ṣíwọ́, ó ń dún. Mo rò pé oúnjẹ ló tún ń pè yín ni. Ìgbà tí ebi àti òùngbẹ bá sì ń lé wa bọ̀ láti oko gan-an lẹ máa ń ní ká wá dúró nínú oòrùn. Ta ni yóò dúró?"

Ẹnjinníà yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?"

Mo ní bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń fẹ́, ńṣe ni àsíá máa ń wé mọ́ igi. Mo ní bí mo bá tilẹ̀ rí ẹni tó kọjá, fọ́màánù wà lókè àpáta lọ́hùn-ún, kò lè gbọ́ mi.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nǹkan ti yí padà. Fèrè ńlá di ti ẹ̀tù nìkan. Irin ni wọ́n ń lù fún oúnjẹ. Wọ́n mú àsìkò yíyin ẹ̀tù wá sí ìyálẹ̀ta, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ti wà nídìí ebè wọn. Wọ́n ṣe àtíbàbà sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì àti àmù omi tútù síbẹ̀. Wọ́n sì fún mi ní fèrè kékeré tí mo gbé kọ́ ọrùn: bí mo bá ti fọn ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀tù.

Fọ́màánù kùn. "Ọmọge yìí ni yóò wá máa pàṣẹ fún mi?"

"Kò pàṣẹ fún ọ," ni ẹnjinníà wí. "Ojú rẹ̀ la yá lò."

Ní òwúrọ̀ kan tí eruku bo gbogbo ilẹ̀, fèrè ńlá ti dún tán, ni mo rí ọkùnrin kan lára àpáta, ó na apá méjèèjì, ó ń mì. Mo fọn fèrè mi títí etí mi fi ń hó. Gbogbo iṣẹ́ dúró. Wọ́n rán èèyàn gòkè. Àṣé kòtù ni, wọ́n fi kọ́ orí igi kúkúrú kan, afẹ́fẹ́ ló ń mì ín! Àwọn awakọ̀ típà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Ojú tì mí, bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀.

Fọ́màánù gba kòtù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ojú rẹ̀ yí padà. "Èmi ni mo ni ín," ló wí jẹ́jẹ́. Ooru ló mú un bọ́ ọ nígbà tó ń ki ẹ̀tù, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Òun náà ló yẹ ibẹ̀ wò kẹ́yìn, tó ní kò sí nǹkan kan mọ́.

Ẹnjinníà pe gbogbo wa jọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ayé. "Kòtù ló rí lónìí. Bó bá tún rí kòtù lọ́la, kó tún fọn ọ́n. Ọjọ́ tí ojú bá ń tì í láti fọn ọ́n ni kí ẹ̀rù bà yín."

Fọ́màánù gbé kòtù rẹ̀ wọ̀, ó na apá méjèèjì bí èyí tí mo rí, ó ń mì. Ẹ̀rín tún pa wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, ẹnu àwọn èèyàn tú. Awakọ̀ tí bíréékì rẹ̀ kò bá mú dáadáa yóò sọ ọ́, kò ní fi pamọ́ mọ́. Fọ́màánù fúnra rẹ̀ rí ọmọ iṣẹ́ kan tó ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ láàárín ààwẹ̀. Tẹ́lẹ̀, igbe ni ì bá fi jí i. Ó ní kó lọ sùn díẹ̀ lábẹ́ igi, ó sì dúró nídìí ẹ̀rọ náà títí ọmọ fi padà dé.

Lọ́jọ́ tí títì wọ Ṣakí, gbogbo àwa tí a jọ fọ́ òkúta náà la gun típà yí ìlú ká, à ń juwọ́ sí àwọn èèyàn. Ọwọ́ wa pé, ẹsẹ̀ wa pé.