Ohun tí Wọ́n Béèrè kí N Tó Kọ́ Èdè Sípéènì

Àwọn òbí tó mọ̀ pé mò ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn èèyàn ní èdè Sípéènì máa ń dá mi dúró ní àdúgbò wa ní Ìkòsí. Wọ́n á ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ mi máa ní kó tó lè ka Spanish ní university?" Mo ti há ìdáhùn sórí. Kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò àṣejáde girama. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, Lítíréṣọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, èdè mìíràn kan sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á bá tiwọn lọ. Èmi á wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àárò bàbá mi, tí wọ́n ti di olóògbé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Èdè mìíràn yẹn ló fún mi ní bàbá.

Àga onítìmùtìmù ni bàbá mi ń tún ṣe ní Kétu. Bí àga bá ti gbó, wọ́n á bọ́ aṣọ ara rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ fóòmù inú rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ tuntun bò ó, wọ́n á sì fi ìṣó kéékèèké kan aṣọ náà mọ́ igi. Ẹnu ni wọ́n máa ń kó ìṣó náà sí kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé ìṣó yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀.

Òfin ni, kì í ṣe ìṣó. Ṣakí ni bàbá mi ti wá sí Èkó, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì ju kí wọ́n kí oníbàárà káàárọ̀ lọ. Síbẹ̀, àwọn gan-an ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá sí mi. Bí mo bá ṣèèṣì sọ ọ́, wọ́n á pariwo, "Speak English!" Gbólóhùn yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n pè dáadáa. Ilé ìwé mi náà kò gba Yorùbá láàyè, pátákó ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ọmọ tó bá sọ ọ́ lọ́rùn, ìyẹn gan-an ni bàbá mi sì ṣe fẹ́ràn ilé ìwé náà. Ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n kàwé díẹ̀, ni wọ́n wá di ògbufọ̀ ilé. Bàbá mi á sọ ọ̀rọ̀ fún ìyá mi, ìyá mi á kọjú sí mi: "Daddy said you should come and eat." Èmi á fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, bàbá mi á máa mi orí, inú wọn á máa dùn bí ẹni pé wọ́n gbọ́. Mò ń gbọ́ Yorùbá o. Ta ni yóò gbé Kétu tí kò ní gbọ́? Ẹnu mi ni kò lè gbé e. Báyìí ni bàbá mi ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn síta, tí wọ́n sì ń yangàn pé ilẹ̀kùn náà dára.

Inú àga ni èdè Sípéènì ti jáde sí mi. Mo ti pé ọdún mẹ́tàlá nígbà tí ìdílé kan gbé àga wọn wá láti Anthony. Ẹni tó bá ń tú àga mọ ohun tó máa ń wà lábẹ́ ìjókòó: ìyarun, báírò, ẹ̀pà tó ti gbẹ. Nínú ti Anthony yìí, ìwé pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, ìwé àwòrán àwọn ọmọdé. Bàbá mi bi oní-àga, ó ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́, ni wọ́n bá gbé e wálé fún mi. Wọ́n rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo rí àwòrán àga, wọ́n kọ "silla" sábẹ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bí mo ṣe rò. Kò sẹ́ni tó mọ èdè yẹn nílé wa débi tí yóò bá mi wí, kò sì sẹ́ni tó fi òfin dè é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé náà fi ń sun abẹ́ ìrọ̀rí mi. Nígbà tí mo máa fi mọ̀ pé èdè Sípéènì ni, mo ti pinnu ohun tí n óò kà ní yunifásítì.

Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹrin girama, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù pé kí a mú àwọn iṣẹ́ tí a óò ṣe ìdánwò rẹ̀. Olùkọ́ Faransé ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, Yorùbá nìkan ló kù nínú èdè. Bàbá mi ní kí ìyá mi fi ibi tí wọ́n kọ Yorùbá sí han àwọn. Wọ́n gba báírò, wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n sì tẹ báírò náà mọ́lẹ̀ débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Wọ́n fi Kọ́másì dípò rẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, àmọ́ èmi ni eérú tí bàbá mi dà wá bá.

Lẹ́yìn tí èsì ìdánwò jáde, mo lọ ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka àwọn èdè, ó ń jẹ gúgúrú, ó ń fi ìka ka ohun tí wọ́n ń béèrè fún mi. "English, o ní. Literature, o ní. Language míì ńkọ́? A mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń mú Spanish bọ̀ látilé, láti A, B, D la ti ń kọ́ yín. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ní credit nínú èdè kan. French tàbí Yorùbá, a máa gbà á."

Mo ní n kò ní ìkankan.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ibo lò ń gbé?"

"Kétu, ma."

"Kétu! O ò wá ní Yorùbá?" Ẹ̀rín tó fi mí rín lọ́jọ́ náà, mo rù ú délé.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo gbà lọ. Ìyá mi kò sí níbẹ̀ láti ṣe ògbufọ̀. Mo fi Yorùbá jágbajàgba mi sọ fún wọn pé wọn kò gbà mí, pé Yorùbá ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà mí. Inú ń bí mi, omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì ń retí "Speak English!" Bàbá mi gbé òòlù sílẹ̀. Wọ́n tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹnu wọn fi ṣófo. 

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Mo máa kọ́ ẹ."

Odidi ọdún kan ni mo fi múra sílẹ̀ fún ìdánwò GCE, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la sì ń wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo béèrè pé kí ni oríkì, bàbá mi ki ti ìdílé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnu yà mí: n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú wọn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ bí omi òjò ṣe máa ń ṣàn lórí àpáta ní Ṣakí. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe jókòó sórí iṣu nínú ọkọ̀ akẹ́rù dé Mile 12, ebi ń pa wọ́n, tí wọn kò sì lè mú nínú iṣu oníṣu. Bí mo bá ṣi ohùn pè, wọ́n á ní, "Òyìnbó Kétu!" Èmi náà á fèsì pé, "Daddy, Yorùbá Òkè-Ògùn tiyín yìí, wọn ò ní fún mi ní máàkì fún un o." A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n léèrè ìdí òfin wọn. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, wọ́n gbé àga lọ fún oníbàárà kan. Ọmọ ilé náà, tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, fi Gẹ̀ẹ́sì bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì, wọn kò sì lè dá a lóhùn. Ọmọ náà sáré wọlé lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé odi ló gbé àga wá. "Mo ní wọn ò ní pe ọmọ tèmi ní odi láyé," ni bàbá mi wí. Mo rántí pé èmi náà ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí nínú ọkàn mi. 

Mo gba kírẹ́díìtì, yunifásítì sì gbà mí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D kò lè fi èdè Sípéènì ṣe méjọ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí yóò fi gboyè, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mínọ̀, iṣẹ́ àfikún, ni yóò kọ́kọ́ fi í ṣe. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni méjọ̀ tèmi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba máàkì gidi nínú Sípéènì fún ọdún méjì, tó sì lọ lo sáà kan ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́, ó lè sọ ọ́ di méjọ̀. Mo gba máàkì. Físà ni wọn kò fún mi, n kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé di mínọ̀ mi. Mo ṣì máa ń rí ara mi ní òpópónà ìlú tí n kò dé rí, mò ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀, ó sì ń dá mi lóhùn.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mo gba pásípọ́ọ̀tù mi padà láìsí físà nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà ni mo tún gbà lọ. Bàbá mi wo ojú mi, wọ́n sì tu ìṣó sọ́wọ́ kí n tó lanu. Mo sọ bó ṣe rí fún wọn. Wọ́n ní, "Spanish yẹn, sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Daddy, kò ní yé yín."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún lo fi sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú mi. Ṣé o rò pé ó ń yé mi ni? Ohùn ọmọ mi ni mò ń gbọ́. Sọ ọ́ jàre."

Mo jókòó sórí àga kan tí wọn kò tíì fi aṣọ bò, mo sì sọ ọ́. Mo sọ ní èdè Sípéènì pé mo bínú sí wọn gan-an. Mo ní inú ilé kan náà la jọ ń gbé, síbẹ̀ àárò wọn ń sọ mí. Mo ní ọdún tí wọ́n tu ìṣó yẹn sọ́wọ́ tí wọ́n ní kí n jókòó, òun ló dùn jù nínú ayé mi. Yorùbá mi ti tó láti sọ gbogbo rẹ̀ nígbà yẹn. Ojú ló ń tì mí. Bàbá mi ń mi orí, inú wọn ń dùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láyé Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ó dùn létí. Tún un sọ."

Mo tún un sọ, ní èdè Sípéènì náà. Mo rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀ tí n óò sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá.