Sànúsí Yan Ètò Ìlera Tó Wúwo Jù

Láyé ìgbà tí Sànúsí ń ṣe alábàárù ní wáàfù Àpápá, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta ló ń rù lẹ́ẹ̀kan, á tún máa súfèé. Ẹrù tó bá wúwo jù ló ń pa owó, òun náà ló sì máa ń já gbà. Nítorí náà, nígbà tí àsìkò tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń yan ètò ìlera ọdún dé, èyí tí àǹfààní inú rẹ̀ pọ̀ jù ló mú.

Funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀, Rekiat ìyàwó rẹ̀ ló ka ìwé ètò náà fún un nílé wọn l'Ájégúnlẹ̀.

"Wọ́n á gbẹ̀bí, wọ́n á dá abẹ́ fún ìkókó. Bàbá Mujeedat, ta ló lóyún nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin obìnrin ò mọ ẹrù tó níyì."

"Iṣẹ́ abẹ ojú yín ò sí níbẹ̀. Ètò kejì tí ẹ ní ó kéré, tí ẹ ò mú yẹn, ló ní in."

Sànúsí kò rí ẹnu rẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí yíyàn máa parí, ó padà sọ́dọ̀ akọ̀wé tó bá a kọ orúkọ sílẹ̀ fún ètò náà.

"Ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Obìnrin kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Mo fẹ́ rí i dáadáa."