Bí A Ṣe Ń Kágò Kí A Tó Yìnbọn

Òórùn kan wà tí mi ò tún gbọ́ mọ́ láti ìgbà èwe mi: òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu sítáàṣì, tí èéfín jẹnẹrétọ̀ kékeré wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá dijú tí mo rántí òórùn yẹn, òwúrọ̀ kan ní Ìyànà Ọ̀fà ni yóò là lójú mi. Ọyẹ́ ti dé. Kùrukùru kò jẹ́ kí á rí òdìkejì títì. Inú kùrukùru yẹn ni takisí kan ti yọ, tó ń rọra bọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin, tí a sì rí Bùọ̀dá Gbádé, àbúrò ìyá mi, lẹ́yìn ọkọ̀, tó gbá nǹkan ńlá kan tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé mọ́ àyà.

Ìyá mi dìde nídìí máṣíìnì ìránṣọ. "Gbádé, ọmọ ta lo gbé bọ̀ yẹn?"

"Àǹtí mi, kọ̀ǹpútà ni."

"Háà. O kú ewu ọmọ o," ni ìyá mi wí, ó sì jókòó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Bùọ̀dá Gbádé ti jáde yunifásítì, ó sì ti ń fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jókòó sílé wa láti ìgbà náà. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní "Ọ̀gá", lọ́nà tó ń dunni ju èébú lọ. Ìyá mi, tó ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà, ta kọ́tìnnì sí àárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kí àbúrò òun mú ìdajì. Kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀, pátákó ti dúró síwájú ìta: "Àgbáyé Kọ̀ǹpútà àti Àwọn Ọmọ." Pátákó náà fẹ̀ ju ibi tó ń polówó lọ. Àpò sìmẹ́ńtì aládùúgbò ni àgbáyé wa fẹ̀yìn tì. Ẹni tó sì ni ín kò tíì láya, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti wà lórí pátákó.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ yẹn sọ ọ́ di ènìyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń gbé lẹ́tà wá kí ó bá wọn tẹ̀ ẹ́, wọn a dúró tì í, wọn a káwọ́ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Àwọn tó ti ń fi ẹ̀rín pè é ní Ọ̀gá tẹ́lẹ̀ wá ń pè é bẹ́ẹ̀ láìrẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kò fẹ́ràn bàtà. Ẹnu ọ̀nà lo máa bọ́ ọ sí, kí eruku má bàa pa á. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan bọ́ bàtà aláwọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ láti ojú ihò ìbọ̀sẹ̀. Òyìnbó ló ti ń sọ bọ̀ láti òdìkejì títì. Láti ìgbà tí àtàǹpàkò yẹn ti yọ, Yorùbá ni gbogbo wa jọ sọ.

Ìyá mi bi àbúrò rẹ̀ pé, "Gbádé, ṣé igi tó ń jó tí kò jóná ló wà lẹ́yìn kọ́tìnnì yìí ni?" Ṣùgbọ́n òun náà bọ́ bàtà.

Inú ẹ̀rọ náà ni eré wa wà. Ẹni tó kọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, àwa la sọ ọ́ ní Ọdẹ Inú Ilé. Bí iná bá wà tí oníbàárà kò sí, Bùọ̀dá Gbádé á jẹ́ kí èmi àti Sìdí, ọmọ Àlàájì tó ń dáko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé wa, jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo. Ojú ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà a ó bá ara wa nínú ilé kan tí kò ní fèrèsé. Ọwọ́ nìkan la ń rí, ọwọ́ tó di ìbọn mú nísàlẹ̀. Ẹni tó ni ọwọ́ kò lójú, kò lórúkọ, kò sọ̀rọ̀. Nítorí náà, èmi ni. Ògiri ibẹ̀ pọ́n bí ògiri amọ̀ ilé àtijọ́. Bí o bá sún mọ́ ọn jù, á fọ́ sí igun mẹ́rin mẹ́rin lójú rẹ, bí ẹní tí ènìyàn fi imú kàn. Ọdẹ náà kò lè wòkè, kò lè wolẹ̀; ọ̀kánkán ló ń wò, bí ẹni tí ọrùn ń ro. Àwọn abàmì oníwo ló ń gbé inú ilé náà. Bí o bá pa ọ̀kan, tí o rìn yí òkú rẹ̀ ká, ibi yòówù kí o dúró sí, ìwọ ni òkú náà kọjú sí. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ìwo wọn lọ.

Kọ̀ǹpútà wa kò ní ohùn kan bí kò ṣe pí-pí kékeré. Ìró tí mo mọ̀ mọ́ ilé náà ni ti máṣíìnì ìyá mi láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, tìkì-tìkì-tìkì, tó ń lọ bí òjò ọ̀gànjọ́ lórí páànù. Bí mo bá sùn, mo máa ń rìn nínú ọ̀nà pupa yẹn lójú àlá, n kì í sì bẹ̀rù, torí pé mo ń gbọ́ máṣíìnì lẹ́yìn ògiri. Mo mọ̀ pé ibi yòówù kí n sọnù sí, ìyá mi wà ní yàrá kejì, ó ń rán apá sùtánà.

Ilẹ̀kùn ló sì pọ̀ jù nínú ilé náà. Bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ ni ènìyàn ń tẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó gbéra. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ìdí ọ̀kan, kí ọwọ́ mi tó kan bọ́tìnnì, ẹnu mi ti wí pé, "Àgò onílé o!" Mi ò rò ó. Ìyá mi ló ti fi sí mi lára. Ó máa ń sọ pé, "Àbẹ̀kẹ́, ilé tí ènìyàn kò kágò wọ̀, ohun tí kò yẹ kó rí ló máa bá níbẹ̀." Ilẹ̀kùn gbéra. Abàmì kankan kò sí níbẹ̀. Àpótí oògùn la bá nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti Sìdí ti gbà pé ìkíni ló ṣe é. Irú ìkíni tó yẹ nìkan ni kò yé wa.

"Sàlámù ló yẹ kí á máa kí wọn," ni Sìdí wí. "Bóyá Mùsùlùmí ni wọ́n."

"Mùsùlùmí oníwo?"

"Ṣé Aládùúrà oníwo lo wá ti rí rí?"

A pín in. Ilẹ̀kùn tí mo bá ṣí, àgò. Èyí tí Sìdí bá ṣí, sàlámù. Bí abàmì bá sì bẹ́ sí wa lójú, a mọ ẹjọ́ ẹni tó jẹ́. "Ohùn rẹ ló le jù! Wọ́n rò pé o wá jà ni!" Bùọ̀dá Gbádé á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. "Ẹ̀yin apànìyàn tó mọ̀wà á hù," ni ó ń pè wá.

Báyìí ni nǹkan rí títí ọjọ́ tí Bàbá Wòlíì, olórí ìjọ Aládùúrà wa, wá wọ sùtánà tuntun rẹ̀ wò. Nínú gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, òun nìkan ni wọn kò sọ fún kó bọ́ bàtà, torí ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn. Abẹ́rẹ́ ṣì wà léjìká rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń kágò lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó fa kọ́tìnnì. Lákòókò yẹn gan-an ni abàmì pupa kan kún ojú ẹ̀rọ tìwo-tìwo.

"Mo ríran!" ni Bàbá Wòlíì kígbe.

Òótọ́ ni, ó rí i. Gbogbo wa náà ń rí i. Òun nìkan ló pè é ní ìran.

Ó ní ilẹ̀kùn ọ̀run àpáàdì ni mo ń kágò sí, àti pé lọ́jọ́ tí onílé bá dáhùn, mi ò ní padà jáde. Ó ní àfi kí wọ́n da ìgò omi àdúrà kan sórí ẹ̀rọ náà bí ilẹ̀ bá ti mọ́.

"Àǹtí mi, iná ló wà nínú rẹ̀," ni Bùọ̀dá Gbádé wí. "Bí omi bá kàn án, ó parí. Èmi náà parí."

"Omi àdúrà ni, Gbádé. Kì í ṣe omi lásán."

"Ẹ̀rọ ò mọ ìyàtọ̀, mà."

Bàbá Wòlíì wò ó tàánú-tàánú. "Ẹ̀rọ tí kò mọ omi àdúrà, ṣé irú rẹ̀ ló yẹ kó wà nílé onígbàgbọ́?"

Bùọ̀dá Gbádé jókòó, ó ń tẹ lẹ́tà oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan, kíákíá, bí ẹni tó ń di ẹrù. Máṣíìnì ìyá mi náà ń dákẹ́, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, ó tún ń dákẹ́. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ sì ń bà á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n dé: Bàbá Wòlíì pẹ̀lú agogo, ìyá mi pẹ̀lú ìgò omi tó ti ṣí. Sìdí fara pamọ́ sẹ́yìn mi. Bùọ̀dá Gbádé kọjú sí ògiri. Ìyá mi gbé ìgò sókè, ó wá dúró. Ó máa ń sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló dá a dúró.

"Àbẹ̀kẹ́, tan án. Jẹ́ kí n rí ohun tí mo fẹ́ bomi lé lórí."

Mo tan án. Ọ̀nà pupa yẹn ṣí sílẹ̀ níwájú wa. Mo rìn ín títí mo fi dé ìdí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ ọ́. Ẹnu mi sọ ọ́.

"Àgò onílé o!"

"Àgò yà, ẹ máa wọlé," ni ìyá mi dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe ń dá gbogbo oníbàárà lóhùn láti ìgbà tó ti ní ṣọ́ọ̀bù. Agogo dúró lọ́wọ́ Bàbá Wòlíì. Sìdí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi wò ó, ó wo ìgò, ó wo ilẹ̀kùn tó ti gbéra, ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ ò rí i, onílé ti dáhùn," ló wí. "Èmi sì ni. Ẹni tí mo ti fẹnu ara mi ní kó máa wọlé, ṣé mo tún lè da omi lé e lórí?"

Bàbá Wòlíì ronú. Ó lu agogo lẹ́ẹ̀kan, ó ní ẹ̀mí náà ti kúrò, ó sì bi Bùọ̀dá Gbádé bóyá ó lè bá ìjọ tẹ ìwé ètò ìkórè. Ìyá mi fi ọmọrí dé ìgò, ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ló wà títí ẹ̀rọ náà fi di ògbólógbòó, omi inú rẹ̀ ń fà díẹ̀díẹ̀ nítorí ooru. Bí ẹ̀rọ mìíràn bá bàjẹ́ ní Ìyànà Ọ̀fà, Bùọ̀dá Gbádé, ọmọ yunifásítì, á wo ìgò yẹn, á sì rọra nu eruku ara rẹ̀.

Èmi náà ti wá lọ́mọ. Ọlọ́runṣògo là ń gbé, Káyọ̀dé ọmọ mi sì ní eré ọdẹ tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri pálọ̀. Mo ti jókòó tì í wò ó. Koríko ibẹ̀ ń mì bí atẹ́gùn bá fẹ́, òógùn ń yọ lẹ́yìn ọwọ́ tó di ìbọn mú, òkú sì ń dojú dé ilẹ̀ bó ti yẹ kí òkú ṣe. Ọdẹ náà lè wòkè débi pé á rí ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣìnà. Àmì kan ń tọ́ka ọ̀nà fún un, ẹnìkan ń bá a sọ̀rọ̀ létí, bí wọ́n bá sì ṣe é léṣe, á sá sẹ́yìn ògiri, á mí díẹ̀, ọgbẹ́ á san. Àwa ń wá àpótí oògùn káàkiri bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Bí a bá sọnù, kò sẹ́ni tí yóò wá wa. A ó máa tẹ ògiri wò, títí ọ̀kan yóò fi jẹ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ti Káyọ̀dé kì í dúró gba ìkíni. Ẹsẹ̀ kan ń jáde láti ìsàlẹ̀, á ta á, gbàgà! Ẹsẹ̀ yẹn dára, okùn bàtà rẹ̀ ń tàn. Wọn ò bọ́ bàtà wọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́.

N kò lè bínú sí i. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa fi àwọn ènìyàn ńlá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn, ẹsẹ̀ lèmi náà sì fi ń ṣílẹ̀kùn wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ọjà bọ̀, mo bá ìyá mi lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa. Ó jókòó, báàgì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìbọn ń ró nínú ilé bí ẹni pé ogun dé.

"Màámi! Ẹ ti pẹ́ níbí?"

"Mo ti kágò."

"Wọn ò dá yín lóhùn?"

"Ìbọn ló ń dáhùn."

"Ilẹ̀kùn ò kúkú tì, mà."

"Mo rí i. Ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n wọlé ni."

Ẹrù kún ọwọ́ mi méjèèjì. Mo ti gbé ẹsẹ̀ sókè, tìbàtà-tìbàtà, kí n fi ta ilẹ̀kùn, kí n tó rí ẹsẹ̀ náà. Mo mọ̀ ọ́n: ẹsẹ̀ inú eré Káyọ̀dé ni. Ọmọ tó ń kágò fún abàmì oníwo ló dàgbà tán, tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣílẹ̀kùn lójú ìyá rẹ̀. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Mo gbé ẹrù sílẹ̀, mo bọ́ bàtà.

"Àgò onílé o!"

Ìbọn ń ró. Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú ilé.

"Àgò yà," ni ìyá mi wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó dìde. "Ẹ máa wọlé."