Mija

Lánàá, nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Laurel, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, mo gbọ́ tí obìnrin kan pe ọmọ rẹ̀ ní “mija”, mo sì yíjú padà bí ẹni pé èmi ni wọ́n pè.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, obìnrin ará El Salvador tó ń tọ́jú mi nígbà tí màmá mi bá wà níbi iṣẹ́ ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní èdè Sípáníìṣì wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Bí oúnjẹ bá jinná, “Mija!” Bí mo bá da mílíìkì sílẹ̀, “Ay, mija!” Mo gbà pé orúkọ mi ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀wà ń hó lórí iná, fóònù dún láti ìlú wọn, níbi tó fi ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣàìsàn sí. Ó gbọ́ díẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó kígbe: “Mija! Mija!”

“Àgbà kì í pe ọmọ lẹ́ẹ̀mejì,” màmá mi máa ń wí. Mo sáré kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Mà! Èmi rèé.”

Ó ṣì ń pè. Mo ti wá mọ̀ pé “ọmọ mi obìnrin” ni ọ̀rọ̀ náà, àti pé tirẹ̀ ti kú.

Mo tún jẹ́, sókè gan-an: “Mà!”

Ó na ọwọ́, ó fi bò mí lẹ́nu.